Ohun Tí Eré Mi Fojú Ìdílé Oníbodè Rí

                                        Yàrá òkè, ilé aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ìtàn.
                                        Ọjọ́rú, oṣù Kẹwàá ti ń parí lọ.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ Oníbodè,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà kí o gun àtẹ̀gùn? Ṣé ìyàwó wa ṣì ń bá ọ jà nítorí pé o kì í lo oògùn ojú? Mo mọ̀ pé o kò ní dáhùn, mo sì mọ̀ pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, àmọ́ a ti jọ ń béèrè àlàáfíà ara wa láti ìgbà tí a ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní iléèwé, ẹnu mi kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà bẹ̀rẹ̀. Ara tèmi wà bó ṣe wà. Oúnjẹ ń wọlé, oorun ni kò wá mọ́.

Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ló bá ìyàwó wa pàdé ní ìlú tí ẹ kó lọ. Òun ló sọ fún mi pé ọmọ-ọmọ rẹ obìnrin, èyí tó máa ń jókòó sórí itan mi nígbà kan tó ń fa irùngbọ̀n mi, bi ìyá rẹ̀ bóyá òun lè máa jẹ́ orúkọ mìíràn dípò Oníbodè ní iléèwé tuntun. Aránṣọ ń sọ ọ́ bí ìròyìn lásán, ó ń wọn aṣọ lọ́wọ́. N kò lè dúró gbọ́ ìyókù. Mo gun òkè lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbìyànjú láti tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe, mo sì fẹ́ fẹnu ara mi sọ ibi tó já sí fún ọ, kí o má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀ràn náà bó ṣe rí, nítorí n kò sọ ọ́ tán fún ọ rí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Ọgbà Ìtàn, tí wọ́n ní àwọn èèyàn yóò máa wá wo ogun àtijọ́ níbẹ̀ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn, Ọ̀gá Ọgbà wá bá mi pé kí n kọ eré nípa ogun tó kó ìlú wa. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó ń pè mí ní Tíṣà mọ́ àfi ìwọ. Kí n tó mú bírò, káfíńtà wọn ti kan bodè kan sáàárín ọgbà náà. Ó ga, ó ní ilẹ̀kùn méjì, bí wọ́n bá fa okùn, á máa ké bí ẹranko, á sì ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ní bodè tó rẹwà tó báyẹn kò gbọ́dọ̀ wà lásán, pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣí i nínú eré, kí inú sì bí àwọn òǹwòran sí ẹni náà.

O ti sọ fún mi bí bodè ìlú ṣe ṣí. Ìwọ nìkan lo sọ ọ́ fún mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ, o sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí o ti ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ìlú ló rán baba ńlá rẹ pé kó ṣí bodè kí àwọn ìyálọ́mọ lè sá jáde, nígbà tí oúnjẹ ti tán nílùú. Ó ṣí i, ó dúró síbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá, ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀tá bá a tí wọ́n pa á sí. O ní kí n má jẹ́ kí ayé gbàgbé pé wọ́n rán an ni. Mo ní kí o fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ ọ́ pé ọ̀tá ló ṣèlérí oyè fún un, pé ìyẹn ló jẹ́ kó yọ́ lọ ṣí bodè.

Mo tan ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí n kò ti dárúkọ, kò sí ẹni tí mo ṣẹ̀. Èmi tí mo lo gbogbo ọjọ́ ayé mi nídìí ìtàn ìlú yìí, mo kọ “Oníbodè” sílẹ̀ bí ẹni pé oníbodè pọ̀ nílùú. Ìdílé kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ bodè, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mọ̀ ọ́n. Ì bá sàn kí n fún un ní orúkọ kan tí kò sí rárá.

Ohun tó tẹ̀lé e, ìwọ lo jìyà rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa gé fóòmù bí òkúta, kí wọ́n máa pín in lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn òǹwòran máa jù ú lu Oníbodè bó bá ti fọwọ́ kan okùn. Àwọn ọmọdé ń kó o lọ sílé, wọ́n ń kó o lọ síléèwé, wọ́n ń jù ú lu ọmọ-ọmọ rẹ. O wá bá mi nígbà yẹn. O kò pariwo. O kàn bi mí pé, “Tíṣà, ṣé o gbàgbé ni?” Mo dá ọ lóhùn pé eré lásán ni, pé wọn ò ní pẹ́ gbàgbé. Èsì yẹn burú ju eré náà lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ ti kó lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà, mo lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó dìde fún mi, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ọmọlúàbí ni, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti bá a jà. Mo sọ òtítọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

“Bàbá, òtítọ́ yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé wọ́n rán an ni, ta la fẹ́ kí wọ́n máa ju òkúta lù?”

Mo ní kí wọ́n má ju òkúta lu ẹnikẹ́ni.

“Ẹ̀n, kí wọ́n wá máa fi ọwọ́ wọn ṣe kí ni, sà?” Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. “Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ báyẹn, ó sì dáa. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ní Sátidé, mo múra bí ẹni ń lọ sílé ẹjọ́, mo lọ jókòó sáàárín èrò. Nígbà tí Oníbodè fọwọ́ kan okùn, tí fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í fò, mo dìde, mo wọ inú agbo eré lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe Oníbodè, tí gbogbo wọn ń pè ní Gbòkúta, rí mi, ó fi okùn sílẹ̀, ó di apá mi mú. Ó sọ sí mi létí pé, “Bàbá, ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀.” Mo kọjú sí èrò. Mo ní, “Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ni mo pa. Kò da ìlú. Wọ́n rán an ni.”

Wọ́n dẹ́kun fóòmù jíjù, mo rò pé wọ́n ti gbọ́. Obìnrin kan níwájú wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá yìí mà mọ eré ṣe o. Wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.” Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ní, “Agbẹjọ́rò ọ̀dàlẹ̀ ti dé,” fóòmù àkọ́kọ́ sì gbé fìlà mi lọ. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ, mo gbé ohùn sókè, bí mo ṣe ń gbé ohùn sókè ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Gbòkúta ló fi ara rẹ̀ bò mí jáde. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé wọn ò mọ̀. Mo ní èmi ni mo kọ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀gá ránṣẹ́ sí mi. Mo rò pé ojú ti tì í. Ó ní ibi tí mo ti wọlé yẹn ló dùn jù nínú gbogbo eré, pé àwọn èèyàn ń béèrè Bàbá Agbẹjọ́rò, pé ṣé mo lè máa wá ṣe é lójoojúmọ́. Mo kọ̀. Ó ní kò burú. Wọ́n ti mú awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n wá fìlà tó jọ tèmi dé e lórí, wọ́n kọ́ ọ bí ọwọ́ á ṣe máa gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló ń sọ, kò yọ nǹkan kan kúrò, kò fi nǹkan kan kún un. Òtítọ́ tí mo fi pamọ́ láti ọdún yìí wá, inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí, mo ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé mi. Ibi tó ti sọ pé wọ́n rán an ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ó ti di àwàdà ládùúgbò. Bí ọwọ́ bá tẹ ọmọ tó yọ ẹran nínú ìkòkò, á ní, “Wọ́n rán mi ni,” ẹ̀rín á sì gba pàṣán lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Aránṣọ náà, bó bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ohun tó ń sọ nìyẹn. Ó sọ ọ́ lójú mi lánàá. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ṣé o rí i? Lákọ̀ọ́kọ́, mo gba baba ńlá rẹ lọ́wọ́ rẹ. Ní báyìí, mo ti gba ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ ì bá fi gbèjà rẹ̀. Bí ọmọ-ọmọ rẹ bá dìde nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan láti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n á ti bú sẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ dé ìdajì. Mo ti jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀, mo ń wá àtúnṣe kan tí mo lè bá ọ sọ. N kò rí.

N kò tọrọ àforíjì. Kò sí ohun tí mo mú lọ́wọ́ tí mo lè fi tọrọ rẹ̀. Àmọ́ bí ọmọ náà bá tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ orúkọ, mo bẹ̀ ọ́, má bá a jà. Jẹ́ kó yí i padà. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti wá ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ, bí ara wọn bá gbà kí wọ́n gbọ́ pé mo kí wọn. Má bá mi kí ọmọ kékeré náà. Jẹ́ kó gbàgbé mi.

                                        Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ rí,
                                        Tíṣà.