Àpótí Oníwáyà àti Rédíò Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Èmi ò mọ̀wé. Ìyàwó àkọ́bí mi ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Àdéhùn wa: ohun tó bá wọnú ìwé yìí ò gbọdọ̀ jáde, kódà fún ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ náà — Oníwáyà ni mò ń pè é — gbé àpótí funfun kan wá sí yàrá mi lónìí. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní wáyà tó ń gbé iná wọlé yìí kan náà lè gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán, láìfa wáyà mìíràn. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ yàrá tèmi. "Màmá, yàrá yín ló jìnnà sí mítà jù. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí, á dé ibi gbogbo." Mo ní kó dé, kó má ṣáà bá mi dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Rédíò ò sọ̀rọ̀. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ránṣẹ́ sí èbúté lánàá. Àbíkẹ́yìn mi, Olómi, wà nínú ọ̀kan. Fóònù kì í dé àárín òkun. Ọdún méjì rèé, mi kì í fọ ẹnu kí n tó gbọ́ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Lónìí — ṣììì. Bí ẹni ń dín nǹkan. Mo gbé e lọ sí pálọ̀, lọ sí kíṣìnì. Ọ̀kan náà. Rédíò bàbá wọn ni, iná ògiri ló ń jẹ, kò mọ bátìrì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo yọ àpótí. Ariwo dákẹ́. Wọ́n pe ọkọ̀ Olómi, òun ló ṣìkejìlá. Mo dá àpótí padà. Ta ló rí mi?

Ìyàwó dá bírò dúró, ó ń wò mí. Mo ní kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo yọ ọ́, mo dá a padà. Ojoojúmọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Oníwáyà ò jẹun. Ọ̀rọ̀ ń já lójú wáyà ní àràárọ̀, kò mọ ìdí. Ó ti yẹ mítà wò, fáànù, fíríìjì. Ó lọ bá wẹ́dà tó ń jó irin lójúde wa, pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Wẹ́dà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ní aago méje, èmi gan-an ò tíì jí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹ̀rọ mi."

Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ iná ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń lo iná. Bó bá já lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á pa iṣẹ́ náà tì. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń túfọ̀.

Ìyàwó ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i. Èmi kàn fẹ́ ẹ ni." Mo ní àwọn méjèèjì ni mo bí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Rédíò ní ìjì ń jà lójú òkun. Wọ́n pe ọkọ̀ Olómi. Òun ló gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ti mọ̀. Ìyàwó ò sọ fún un. Àṣé àpótí náà ń kọ wákàtí sílẹ̀: méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kú, méje kọjá mẹ́wàá, ó jí. Àárọ̀ mẹ́tàlá gbáko. Àpótí mọ̀wé jù mí lọ.

Kò pariwo. Ì bá pariwo. "Màmá, mo lọ bá ẹni ẹlẹ́ni jà." Mo sọ ìdí fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní ọ̀rọ̀ tó ń gba inú wáyà a máa jò sínú afẹ́fẹ́, rédíò á sì gbé e. Ó ní òun lè mú kí ọ̀rọ̀ fo ojú ibi tí rédíò mi ń gbà, kí ibẹ̀ ṣófo fún un, àmọ́ kò lè tán ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì. "Àárọ̀ mẹ́ta péré, Màmá. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ṣììì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo fi etí lẹ̀ ẹ́. Ó dà bí ẹni pé mo gbọ́ orúkọ náà. Irọ́ ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wọ́n dé, ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n wọ bàtà wọ yàrá mi. Nígbà tí aago méje lù, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí, mo jókòó lé wọn. Ọ̀rọ̀ ò já. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn bọ̀ mí lọ́wọ́: "Ìyá, ẹ bí ọmọ o." Mo ní mo bí méjì.

Ìyàwó sunkún nínú kíṣìnì. Ayọ̀ ni. Mi ò bá a wí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Oníwáyà mú ìlérí ṣẹ. Àpótí wà lára ògiri, ó ń ṣẹ́jú, rédíò sì mọ́ gaara. Bí ẹni pé ọkùnrin tó ń ka orúkọ jókòó tì mí. Oníwáyà ń rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ gbọ́ ọ bí?" Mo ní kó panu mọ́.

Ọkọ̀ mọ́kàndínlógún ni wọ́n kà. Ìka ni mo fi ń kà á. Ti Olómi ò sí níbẹ̀.

Oníwáyà fúnra rẹ̀ nawọ́, ó yọ àpótí kúrò lára ògiri. Ojú ọjọ́ ni wọ́n ń kà nígbà yẹn. Rédíò mọ́ gaara, bákan náà.