Irúgbìn Ìyá Jórínà

Maimensing, oṣù Kejìlá

Ìyá àgbà mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí bàbá kékeré atukọ̀, mo kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Ikọ́ mi ti lọ. Oúnjẹ ilé ìwé kò lata, ṣùgbọ́n mo ń yó.

Ẹ̀rọ tí a fi ń mú ìrẹsì gbẹ níbí ń ṣe iṣẹ́ oòrùn ọjọ́ mẹ́ta láàárín wákàtí márùn-ún. Lóṣù tó kọjá, àgbẹ̀ kan, Ìyá Jórínà, gbé irúgbìn ìrẹsì rẹ̀ wá. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣe tán, òṣùwọ̀n wa sọ pé ó ti gbẹ. Mo fi eyín gé ẹyọ kan bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó rọ̀, kò dún bí èyí tó gbẹ. Ṣóvọ̀n, ẹlẹgbẹ́ mi, rí mi. "Ará oko, ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì, mo sì dákẹ́.

Nígbà tó padà wá, irúgbìn náà ti bu nínú àpò. Ìyá náà sọ fún wa pé, "Ẹ̀rọ yín ò jẹ̀bi, ẹ̀yin ọmọ mi. Yàrá mi ló tutù." N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ nínú irúgbìn tiyín ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ bá a, màá sì sọ fún un pé mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kò tíì gbẹ.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi.

Táhúrà, ọmọ ọmọ yín