Ọmọ Mi Lórí Òṣùwọ̀n Ìrẹsì

Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Cow Lane,
Accra, Ghana.
8 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Adéníkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọláṣùpọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Dárasími ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́ káàkiri ilé? Báwo ni Ògbómọ̀ṣọ́, báwo ni òjò? Àwa náà wà níbí. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní ọjà Makola ń lọ díẹ̀díẹ̀, ara mi sì le. Inú mi ni kò dùn, ohun tí mo jókòó láti kọ sí ọ nìyẹn.

O rántí Àlájà Àjọkẹ́, ìyá Kàsímù ọkọ mi, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà alápò ní Ashaiman. Wàá rí i pé "ó" ni mo ń pè é nínú lẹ́tà yìí. Jọ̀ọ́, má bá mi wí. Níwájú rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà, "ẹ" ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ó yẹ kí n sinmi níbì kan. Obìnrin náà gbẹ bíi pańla, ó sì gbà pé Ọlọ́run ló fi gbígbẹ yẹn dá òun lọ́lá.

Lubabah àkọ́bí mi ni kò gbẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó sanra, ó sì ti sanra láti ìgbà tó ti ń mu ọmú. Ohun tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń jẹ lòun náà ń jẹ, àwọn yẹn sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́, "obolo" ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe máa ń bú ẹni tó bá sanra níbí.

Ní gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a máa ń lọ jẹun ní Ashaiman, gbogbo ẹbí á yí abọ́ kan ká. Kí oúnjẹ tó dé, Àlájà á pe Lubabah síwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní kó gun orí òṣùwọ̀n tó fi ń wọn àpò ìrẹsì. Á pe iye kílò rẹ̀ sókè, àwọn oníbàárà á sì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó bi obìnrin kan bóyá ó fẹ́ ra àpò yìí. Lẹ́yìn náà ọmọ mi á jókòó ti abọ́, á ká ọwọ́ sẹ́yìn títí gbogbo wa á fi jẹ tán, kó tó jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù. Kàsímù á máa jẹ tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó lè bá ọlọ́pàá fa wàhálà lójú títì ni o, ṣùgbọ́n tí ìyá rẹ̀ bá wúkọ́, á dìde dúró.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi iléèwé, Àlájà ní kí a mú Lubabah wá gbé lọ́dọ̀ òun, kí òun bá a bọ́ ọ̀rá náà. O mọ bó ṣe rí nínú ẹbí wa, ọmọ ìyá àgbà ni àkọ́bí. Ìyàwó tó bá ní òun ò fún wọn, wọ́n á ní ó fẹ́ tú ilé. Mo bẹ Kàsímù títí omi fi gbẹ lójú mi. Níkẹyìn ó ní tí ẹni tó mọ̀wé bá lè sọ fún òun pé kì í ṣe wọ̀bìà ló ń ṣe ọmọ náà, òun á sọ fún ìyá òun pé rárá.

Mo mú Lubabah lọ sí ọsibítù, lọ́dọ̀ Dókítà Olúṣèyí, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ níbí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Lubabah, wọ́n ní kí a padà wá, mo sì rí i dájú pé Kàsímù bá wa lọ. Dókítà ní ọ̀rá ara kì í ṣe ẹrù tí a kàn kó jọ sí yàrá. Ó ní tọ̀sán-tòru ló ń ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀, sí iṣan, àní sí ọpọlọ. Ó ní lára ohun tó ń rán lọ ni àwọn nǹkan tín-ín-tín kan tí wọ́n ń pè ní RNA kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀rá á dì wọ́n, wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, tí wọ́n bá dé ẹ̀dọ̀, wọ́n á mú kí àwọn àṣẹ kan níbẹ̀ dákẹ́. Bí ara ṣe ń lo ṣúgà àti bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá pamọ́ wà lára ohun tí wọ́n lè yí padà, ti ẹnì kan ò sì rí bíi ti ẹlòmíràn. Ó ní àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀, òun ò ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà dáa. Kó máa jẹ oúnjẹ gidi, kó máa sáré, kó máa sùn dáadáa. Ó wá wo Kàsímù lójú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má febi pa á, nítorí ara tí ebi ń pa máa ń di ọ̀rá rẹ̀ mú ni.

Lubabah jókòó sáàárín wa, ó ń wo ẹnu dókítà. Níbí la bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ìdùnnú mi ò kéré lọ́jọ́ náà. Mo ra ẹran sísun fún Kàsímù lọ́nà ilé, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Adéníkẹ́, nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ, èyí tí ọkọ mi gbé dé Ashaiman ni pé ọ̀rá ń ránṣẹ́. Àlájà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Mo ti ń sọ ọ́ pé nǹkan kan wà nínú ọmọ yẹn! Tó bá ń ránṣẹ́, ebi la máa fi pa á lẹ́nu mọ́." Kàsímù wolẹ̀, ó ní kí á jẹ́ kí Ìyá gbìyànjú rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ọmọ mi sùn lọ́jọ́ náà, n ò tilẹ̀ ráyè di ẹrù fún un.

Gàrí tí kò ní ṣúgà ló ń mu láàárọ̀, omi ewúro ló ń mu nírọ̀lẹ́. Mo gbé kelewele, dòdò aláta wọn níbí, pamọ́ sínú báàgì mi lọ fún un, Àlájà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dà á fún ewúrẹ́ lójú wa.

Ní Jímọ̀ tó kọjá yìí, wọ́n tún gbé e gun orí òṣùwọ̀n. Kílò rẹ̀ ti wálẹ̀. Àlájà pè é sókè, gbogbo ṣọ́ọ̀bù kábàrá, Kàsímù ń rẹ́rìn-ín, ó ra máàtì fún àwọn èèyàn mu. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń gbọ̀n. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó ṣubú sáàárín àwọn àpò. Àlájà ní ẹ̀tàn ni, oúnjẹ ló ń fẹ́.

Mo pọ̀n ọ́n. Ọmọ tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò lè gbé, mo pọ̀n ọ́n, ó sì fúyẹ́ lẹ́yìn mi débi pé ẹ̀rù bà mí. Kàsímù ń pariwo pé tí mo bá kúrò níbẹ̀, mo ti tàbùkù ìyá òun. Mo yíjú sí Àlájà níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní lọ́jọ́ tó bá kú, kí wọ́n gbé òun náà sórí òṣùwọ̀n yẹn kí wọ́n tó sin ín, ká wò ó bóyá wọ́n á rí nǹkan kan pè. Mo sọ ọ́, Adéníkẹ́, n ò sì ní tọrọ àforíjì. Mo wọ ọkọ̀ trótró, mo gbé ọmọ mi lọ.

Wọ́n fa omi sí i lára ní ọsibítù, wọ́n sì dá wa sílẹ̀ lánàá. Kàsímù ò tíì wá sílé, kó jókòó síbi ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo se waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà wọn níbí, mo din ẹja sí i, mo fi ẹyin lé e, oúnjẹ tó fẹ́ràn jù láyé. Mo ní kó jẹ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó wò ó títí, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀. Ó ní, "Maa, dókítà yẹn, ó ní ọ̀rá mi ń sọ̀rọ̀. Òun náà, ṣé ó ń bú mi?"

Abọ́ náà ṣì wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tọ́ ọ wò. Ìwọ lo máa ń mọ ohun tí à ń sọ fún ọmọ, jọ̀ọ́, kọ ọ́ sí mi.

Bá mi kí Ọláṣùpọ̀ àti màmá rẹ. Fẹnu ko Dárasími lẹ́nu fún mi. Tó bá ń sanra, fi í sílẹ̀ kó sanra.

Èmi ni, ẹni tìrẹ níhìn-ín,
Raqeebah.