Òpó Tí Ẹ Máa Ń Yọ Kí Òjò Tó Dé

Yeoville,
Johannesburg.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2014.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú àárọ̀, bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni ẹ ka ìwé yìí. Ẹ kú alẹ́, bí ẹ bá tún wá awò ojú yín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara tiwa le. Títílọpẹ́ ìyàwó mi ń kí yín. Fikáyọ̀ ọmọ-ọmọ yín ní kí n sọ fún yín pé òun ti gbọ́ Yorùbá dáadáa báyìí. Ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ ó bi ara yín pé kí ló dé tí n kò pè lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi, mo sì fẹ́ kí Olóyè Mákindé kà á sókè níbi ìpàdé ọmọ ìlú ọjọ́ Àjíǹde, kí wọ́n tó mọ ògiri mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ afárá odò Àgbìrì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ́fíìsì wa ní Marshalltown rán mi lọ wo afárá àtijọ́ kan lẹ́yìn ìlú. Afárá náà rẹlẹ̀ bíi tiwa gan-an. Òkúta ni wọ́n fi mọ òpó abẹ́ rẹ̀, iwájú òpó kọ̀ọ̀kan rí ṣóńṣó, ó kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi ihò létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kíá ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ògiri rẹ̀ ti wó, kí wọ́n mọ òmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Mokoena, àgbà òṣìṣẹ́ tó mú mi lọ, wo ohun tí mo kọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Eish, ẹnjiníà! Kò sí ògiri níbẹ̀ rí. Òpó kéékèèké ló máa ń wà nínú ihò wọ̀nyẹn. Bí òjò bá fẹ́ dé, a ó yọ wọ́n, kí omi lè gba orí afárá kọjá, kí pàǹtí má rí ibi há sí." Bàbá, ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí afárá náà.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹta bá ti ń parí, ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ kọ́ afárá Àgbìrì lọ́dún 1958 a máa fa òpó igi wọ̀nyẹn yọ. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó dá wọn padà. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún 1996 ni mo dìde nípàdé, pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí mo ní iṣẹ́ ayé àtijọ́ nìyẹn, kí wọ́n fi kọnkéré mọ ògiri gidi dípò wọn. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí pé, "Ọláìtán, níbo lo fẹ́ kí omi gbà?" Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, gẹdú àti ẹ̀ka igi há sí ògiri mi, omi yà gba ẹ̀gbẹ́, ó sì gbé ọ̀nà lọ lẹ́nu afárá. Afárá tiyín kò mì. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ní òun ló ti gbó, ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n má baà dá mi lẹ́bi.

Mo wá ń sọ ọ́ létí gbogbo ìlú: èmi ni mo ṣàṣìṣe, kì í ṣe bàbá mi. Kí wọ́n wó ìyókù ògiri náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ti ń sọ lọ.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti orúnkún tó dá ṣáká jíǹkí yín. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́,
Ọláìtán.

Mo tún rántí: Títílọpẹ́ ní nígbà tí a wá ṣe Kérésì, òun rí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún lẹ́yìn ilé ìdáná, tí ẹ fi epo pa wọ́n kí ikán má baà jẹ wọ́n. Ọdún méjìdínlógún, Bàbá! Ẹ má dá gbé wọn o. Mo ń bọ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yin ẹ jókòó sórí àga létí odò, kí ẹ máa pàṣẹ. Èmi ni n ó máa kì wọ́n bọ ihò.