Ìwo Tí A Fi Ń Wọn Ẹ̀tù

Èsìẹ́.

Bàbá mi àgbà,

Mo kí yín, mo kí ìyá wa àti gbogbo ọmọ yín ní Kùmásì. Ibà ti fi Ìyá Àgbà sílẹ̀. Hamidah sì ti bí obìnrin.

Lórúkọ àwọn ọdẹ méje ilé wa ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Ìwo tí bàbá yín fi lélẹ̀ ni a ṣì fi ń wọn ẹ̀tù sínú ṣakabùlà ńlá, èèwọ̀ sì ni kí ó má kún. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù òde òní le ju ti àtijọ́ lọ. Mo dán an wò lára pákó: ẹ̀kún ìwo ń gbé ọta kọjá àmì, nígbà tí mo dín in kù, ọta mẹ́rin wọ ojú kan.

Mo ní kí a gé ẹnu ìwo náà, kí ẹ̀tù díẹ̀ lè kún un. Bàbá mi rẹ́rìn-ín: “Ọmọ yunifásítì, pákó lo pa! Ta ni yóò gé ìwo bàbá mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láyé?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná ìbọn náà jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dẹ igbẹ́ ọdún. Èmi ni wọ́n sì ní kí n máa ki ìbọn fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kí ẹ ní kí a gé ìwo náà. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ohùn yín nìkan ni bàbá mi kò lè kọ̀.

Ọmọ yín,
Abdulfatah