Mo Lọ Yí Oṣù Ìbí Rẹ Padà ní Kóòtù

Ìlá Ọ̀ràngún,
Oṣù Kọkànlá.

Tẹ́júọlá, Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé Ìbàdàn ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí ojú di bírò mú kò ní jẹ́ kí n gbọ́ aburú rẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣàfojúdi sí mi.

Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù Fọláyẹmí àbúrò rẹ. Mo dá ọ lóhùn títí, ńṣe lo kàn ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé, àfìgbà tí Fọláyẹmí ní o ti gbà á sílẹ̀ ránṣẹ́ ni. O ní oorun kò wá mọ́, o ń sunkún láìsí ẹni tó nà ọ́, dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó sì fún ọ lóògùn. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé o lọ kà á pé ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń tètè bá àwọn tí wọ́n bí nígbà òtútù, pé oòrùn ò tó ọpọlọ wọn látinú oyún, o wá gbà pé ọyẹ́ tí mo bí ọ sí ló bà ọ́ jẹ́. Oòrùn Ìlá wo ni kò tó? Ilẹ̀ àwọn tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn!

Síbẹ̀, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí kóòtù. Ibẹ̀ ni Dáhùnsí òṣìṣẹ́ ìjọba ti búra tí wọ́n yọ ọdún márùn-ún kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń sáré gun òkè. Mo ní bí wọ́n bá lè sọ arúgbó di ọ̀dọ́, wọn á lè gbé ọ kúrò nínú ọyẹ́ sínú òjò, kí orí rẹ sì gbọ́. Mùstàfá akọ̀wé ní oṣù wo ni màmá fẹ́, mo mú oṣù Kẹfà, torí àgbàdo tútù. Ó ní kí n di Bíbélì mú kí n búra.

Àṣàkẹ́, mo rántí àárọ̀ tí mo bí ọ, tí ọyẹ́ bo òrùlé, tí ìyá bàbá rẹ ń fi òrí pa ọ́ lára lẹ́bàá iná, tí o wojú mi tí o sì sín. Ọmọ mẹ́ta ló ti lọ kí o tó dé. Ìwọ lo dúró. Kí n wá búra pé n kò rí àárọ̀ yẹn? Mo dá Bíbélì padà. Ó ní owó ìwé ńkọ́, mo ní kó lọ gbà á lọ́wọ́ òjò.

Nítorí náà, máa lo oògùn dókítà, má fo ọjọ́ kan, kí o sì wá lo ọyẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi. Fi owó ọ̀kadà tí mo ná ránṣẹ́, àti ti bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, èyí tó nípọn. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá sì lè gbé ọ wá, sọ ọ́, má tijú, èmi fúnra mi á wọkọ̀ wá mú ọ, orúnkún kò tó bẹ́ẹ̀.

Orí rẹ á máa bá ọ jí láràárọ̀. Ayé á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Àṣàkẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tó mọ ìgbà tó bí ọ,
Oyèbísí.