Ẹja Gbígbẹ Nínú Báàgì Gìtá

Ọjọ́bọ̀, Peckham

Ọ̀la lèmi àtàwọn tá a jọ ń ṣeré rọ́ọ̀kì máa fò lọ sí Australia fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ṣí báàgì gìtá mi nírọ̀lẹ́ yìí, ẹja gbígbẹ ni mo bá níbẹ̀.

"Mummy, kọ́sítọ́ọ̀mù wọn ò ní jẹ́ kó wọlé."

"Kí lo wá fẹ́ máa jẹ?"

Mi ò bá wọn jiyàn, mo kàn yọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta gìtá káàkiri ilé ọtí Brixton, ariwo lásán ni Mummy máa ń pè é. Wọn ò fọwọ́ kàn án rí.

Ọ̀rá mẹ́ta ni wọ́n fi di ẹja náà. Mo bi wọ́n léèrè ìdí.

"Kí òórùn ẹ̀ má baà ba gìtá ẹ jẹ́."